Gbòǹgbò Àlùbọ́sà Lẹ́bàá Àmù

Mọ́rìlíátù kì í ṣe ẹni tí ìwé ìròyìn kọ nípa rẹ̀ rí. Ní ọdún tí à ń wí yìí, àwọn ológun ló ń ṣèjọba ní Niger, owó yúréníọ̀mù, ohun àlùmọ́ọ́nì tí wọ́n ń wà ní àríwá, sì ń kọ́ ilé alájà sí Niamey bí ẹni tó ń gbin àgbàdo. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Mọ́rìlíátù nígbà náà. Àdúgbò Maourey ni wọ́n bí i sí, níbi tí bàbá rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti ń ta aṣọ. Ilé ìwé Faransé ló lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tọ́jú ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò wò ní yàrá ìwádìí ewéko, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan lódìkejì odò.

Nínú gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀, ti gbòǹgbò àlùbọ́sà ló mọ̀ jù. Sẹ́ẹ̀lì ni a fi kọ́ gbogbo ohun abẹ̀mí, bí a ṣe ń fi bíríkì kọ́lé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé bíríkì kì í bí bíríkì, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì kan a máa pín ara rẹ̀ sí méjì, bẹ́ẹ̀ ni ohun abẹ̀mí ṣe ń dàgbà. Lára ewéko, ṣónṣó gbòǹgbò ni iṣẹ́ yìí ti ń yá jù. Bí ènìyàn bá gbé ìdí àlùbọ́sà lé ẹnu ife omi, kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, gbòǹgbò funfun yóò ti yọ bí irùngbọ̀n arúgbó. Mọ́rìlíátù a gé e, a fi sínú ìgò kékeré tí ọtí líle àti ásíìdì wà, èyí tí yóò mú kí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan dúró gbọn-in níbi tí ó bá iṣẹ́ dé. Lọ́jọ́ kejì, a fi ásíìdì mìíràn rọ̀ ọ́, a fi aró pupa rẹ ẹ́, a gbé ṣónṣó rẹ̀ sáàárín gíláàsì pẹlẹbẹ àti gíláàsì fẹ́ẹ́rẹ́, a wá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi tẹ́jú. Títẹ̀ yìí gan-an ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà. Bí ọwọ́ bá fúyẹ́ jù, sẹ́ẹ̀lì á gun orí ara wọn. Bí àtàǹpàkò bá sì yẹ̀ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á fọ́, ó parí.

Ìpele mẹ́rin ni ìpín sẹ́ẹ̀lì ní, orúkọ tí àwọn Faransé pè wọ́n sì gùn, wọ́n tún jọra wọn. Mọ́rìlíátù, ọmọ aláṣọ, ti sọ wọ́n ní orúkọ tirẹ̀. Òwú ni ó pe àkọ́kọ́, nítorí pé inú sẹ́ẹ̀lì a kún fún fọ́nrán tó lọ́ mọ́ra wọn bí òwú tí ọmọdé fi ṣeré. Ìtò ni èkejì, nígbà tí àwọn fọ́nrán náà bá tò sójú kan láàárín gbùngbùn. Ìpínyà ni ẹ̀kẹta: ìlà náà a là sí méjì, apá kan a gba òkè, apá kan a gba ìsàlẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni Ògiri. Nígbà náà, apá kọ̀ọ̀kan ti ká jọ síbi tirẹ̀, ògiri tín-ín-rín kan yóò sì máa dìde láàárín wọn. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Ìpínyà ló ṣòroó rí jù, nítorí pé kì í pẹ́ rárá. Nítorí àtiwá a láàárín ẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń sọ pé ojú ń dun àwọn.

Nígbà kan, ó ṣàlàyé èyí fún Nùrẹ́nì, ọkọ rẹ̀, ó sì ya á fún un sára ògiri ilé ìdáná pẹ̀lú èédú. Nùrẹ́nì wò ó títí.

“Ó yé mi,” ni ó wí. “Ọkọ̀ méjì pàdé lórí afárá tóóró. Kálukú bá fi ẹ̀yìn rìn padà síbi tó ti wá.”

“Kò sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀, Nùrẹ́nì.”

“Ibi gbogbo ni ọkọ̀ wà.”

Awakọ̀ àjàgbé ni Nùrẹ́nì. Imí-ọjọ́ ló ń kó lọ sí ibi ìwakùsà ní àríwá. Ní oṣù kẹta ọdún náà, ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé lẹ́yìn ìlú Tahoua, àwọn ará ibẹ̀ sì ti sin ín kí ìròyìn tó dé ilé wọn ní àdúgbò Kalley. Aago ọwọ́ rẹ̀ àti bàtà ẹsẹ̀ kan ni wọ́n kó wá.

Mọ́rìlíátù kò sunkún. Kì í ṣe pé ó ń ṣe ọkàn akin. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, a jẹ ẹ́, kò sì ní mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá kí i, a dáhùn. Ó jókòó opó sórí ẹní nínú yàrá, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹ̀sìn là sílẹ̀, ó sì ń wo ibi kan náà lára ògiri láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ara rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ tí ènìyàn jókòó lé títí tó fi kú tipiri.

Ìyá ọkọ rẹ̀, Hàwáù, ni wọ́n jọ ń gbé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀ ni Hàwáù, aṣọ ló sì ń tà ní ọjà Wadata. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ kú, ó sunkún fún ọjọ́ mẹ́jọ, ó nu ojú, ó sì padà sídìí ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí pé bí òun pẹ̀lú bá dákẹ́, ilé náà á kú pátápátá. Òun ló ka lẹ́tà tí Àdìgún, ẹ̀gbọ́n Nùrẹ́nì, kọ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Àdìgún ní bí opó bá ti parí, kí ìyàwó máa bọ̀ nílé, yàrá kan ti wà fún un ní agbo ilé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Mọ́rìlíátù dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí, àwọn ọmọ ilé sì ti fi Yorùbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

“Bí iṣẹ́ ìjọba bá wà lọ́wọ́ rẹ,” ni Hàwáù wí bó ti ń ká lẹ́tà náà, “ta ló máa ní kí o wá jókòó sí agbo ilé? Iṣẹ́ dà? Ìwé onígbà díẹ̀ ni wọ́n fún ọ láti ọdún mẹ́ta.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni! Àgbò tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà gan-an máa ń ké.”

Ní ọjọ́ Àlàmísì tó tẹ̀lé e, nígbà tí Hàwáù wà ní Wadata, Zubaidat wá. Ọmọ Haúsá ni Zubaidat, òun ló sì ń dúró sí ipò Mọ́rìlíátù ní yàrá ìwádìí. Ó gbé àpò àlùbọ́sà kan dání, mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, àlùbọ́sà pupa ńláńlá. Ìgò kékeré kan tún wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọtí líle àti ásíìdì wà nínú rẹ̀; ó kó gbogbo rẹ̀ fún Mọ́rìlíátù. Ó kí i kú ọ̀fọ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní èdè Haúsá, kíákíá, bí ẹni tí ń bọ́ ẹrù.

“Ìwé dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Wọn ò fẹ́ òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ mọ́. Ààyè kan péré ló wà, títí ayé, ìdánwò rẹ̀ sì di ọjọ́ Àtàláátà. Kálukú á gbin àlùbọ́sà tirẹ̀, á sì fi ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin han Mùsíò Sùmáná ọ̀gá wa àti àwọn méjì láti ilé iṣẹ́ ìjọba. Èmi náà á ṣe é. Mi ò ní parọ́ fún ọ. Bí o kò bá wá, èmi ni wọ́n á mú.”

“Kí ló dé tí o fi wá sọ fún mi?”

“Ta ló kọ́ mi níṣẹ́?” Zubaidat nu òógùn ojú rẹ̀. “Ẹ̀rọ amúlétutù tún ti kú. Omi inú ife ń gbóná bí omi ìwẹ̀. Gbòǹgbò ń yọ, ṣùgbọ́n bí mo bá wò ó, gbogbo sẹ́ẹ̀lì ń sùn.”

“Ooru ni. Gbé ife náà sínú iyanrìn tútù lẹ́bàá àmù omi mímu, kí o máa rin iyanrìn náà. Kí o sì gé e ní agogo mẹ́wàá ààbọ̀, kí oòrùn tó le.”

Zubaidat wò ó. “Ṣé o mọ̀ pé ohun tí o sọ yẹn lè gba àga lábẹ́ rẹ?”

“Mo mọ̀.”

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ aago tó lù. Nígbà tí Zubaidat lọ tán, ó jókòó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó to ife mẹ́jọ sínú iyanrìn yí àmù inú àgbàlá ká, ó gbé àlùbọ́sà lé wọn lẹ́nu, ó sì bu omi rin ín. Inú rẹ̀ kò dùn, inú rẹ̀ kò bàjẹ́. Ó kàn mọ̀ pé òun kò fẹ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, bí ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé ilẹ̀kùn kan ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn òun. Kò sì sọ fún Hàwáù. Láti ìgbà ọ̀fọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀ kì í gùn ju “bẹ́ẹ̀ ni” lọ.

Ọjọ́ Àtìní, tí ìdánwò ku ọ̀la, bọ́ sí ogójì ọjọ́ Nùrẹ́nì. Láti àárọ̀ ni àwọn àfáà ti jókòó sábẹ́ ìbòòji lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń ké Kùránì, tí àwọn obìnrin sì ń dáná sàráà nínú àgbàlá. Opó wà lórí ẹní nínú yàrá, àwọn àlejò ń wọlé, wọ́n ń jáde. Aago Nùrẹ́nì wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Nígbà tí ó di agogo mẹ́wàá ààbọ̀, ó mú ìgò kékeré náà, ó dìde, ó sì yọjú.

Ife mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wà lórí pákó, wọ́n ti fọ̀ wọ́n, wọ́n ti da ojú wọn dé.

Bí ó ti rí ni pé àlùbọ́sà ọbẹ̀ kò tó. Hàwáù wò yíká, ó rí mẹ́jọ lẹ́bàá àmù tí ìdí wọn ti hu gbòǹgbò. Gbogbo ẹni tó bá ń ra oúnjẹ pamọ́ ní Niamey ló mọ̀ pé àlùbọ́sà tó bá ti hù, kò ní í pẹ́ jẹrà. “Ẹ wo nǹkan tí ìbànújẹ́ ń ṣe,” ni ó wí fún àwọn obìnrin. “Ìyàwó mi gbàgbé àlùbọ́sà sínú omi. Ẹ jẹ́ ká lò ó fún sàráà, kó má ṣòfò.” Hàwáù fúnra rẹ̀ gé ìdí wọn sọnù bí gbogbo alásè ti ń ṣe, wọ́n dà á sínú agbada èèpo, wọ́n sì gbé e fún ewúrẹ́.

Mọ́rìlíátù kò béèrè ohunkóhun. Ó rìn la àárín àgbàlá kọjá níṣojú àwọn àfáà, pẹ̀lú aṣọ opó lára rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sídìí ewúrẹ́, ó sì ti ọwọ́ bọ inú èèpo. Ó rí ìdí àlùbọ́sà kan tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó rí òmíràn. Ìkẹta wà lẹ́nu ewúrẹ́; ó di ewúrẹ́ náà lágbọ̀n mú, ó sì ti ìka bọ ẹnu rẹ̀.

“Yéè!” ni obìnrin kan ké. “Ọ̀fọ̀ ti yí i lórí!”

Kùránì dákẹ́. Hàwáù sáré dé, ṣíbí ọbẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀.

“Ìyàwó! Kí lò ń wá lẹ́nu ẹran?”

“Gbòǹgbò, Ìyá.”

“Gbòǹgbò kí ni?”

“Ti àlùbọ́sà. Iṣẹ́ mi ni. Wọ́n á dán mi wò lọ́la. Ẹni tí kò bá ní gbòǹgbò kò ní iṣẹ́.” Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Ó ń ka èyí tí kò fọ́ lára wọn, ó ń jù wọ́n sínú ìgò. “Márùn-ún ni.”

Hàwáù wo ìgò náà. Ó wo ìkòkò ọbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú èèpo náà pẹ̀lú aṣọ àlejò rẹ̀.

“Èmi ni mo gé e. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gé e. Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?”

“Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́.”

Hàwáù kọjú sí olórí àwọn àfáà, Gbàdàmọ́sí, bàbá arúgbó kan tó ti ń gbé Kalley kí ìlú tó ní ọ̀nà ọlọ́dà.

“Àfáà, ṣé opó lè jáde?”

Gbàdàmọ́sí fọwọ́ pa irùngbọ̀n. “Bí ó bá jẹ́ fún ohun tó pọn dandan, ní ojú ọ̀sán, tí ó sì padà sùn sílé ọkọ rẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.”

“Màá sìn ín lọ. Màá sì sìn ín bọ̀.”

“Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ yẹn,” ni àfáà wí, “ẹ fún un ní nǹkan mìíràn jẹ. Wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ ní ilé sàráà.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kùránì sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àtàláátà, Mọ́rìlíátù àti Zubaidat jókòó sí tábìlì méjì tó kọjú síra wọn. Wákàtí méjì ni wọ́n fún wọn. Mùsíò Sùmáná, ọmọ Zarma, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń lo awò ojú, ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín wọn. Àwọn méjì láti ilé iṣẹ́ ìjọba jókòó lábẹ́ fèrèsé, wọ́n ń fi ìwé fẹ́ ara wọn. Hàwáù wà lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fa tẹ̀súbàá.

Mọ́rìlíátù bu ásíìdì líle sínú omi, ó rọ gbòǹgbò, ó wẹ̀ ẹ́, ó fi aró rẹ ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ rántí gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tẹ àkọ́kọ́, kò mọ ibi tí àtàǹpàkò òun wà. Ó dà bí ẹni tó ń fi igi tẹ̀ ẹ́. Gíláàsì yẹ̀, gbòǹgbò fọ́.

Ó mú èkejì. Nígbà tí ó wò ó lábẹ́ awò ńlá tí ń sọ ohun kíkíní di ńlá, gbogbo sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ń sùn. Ẹ̀kẹta náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu ewúrẹ́ ti pa á lára. Nínú ẹ̀kẹrin, ó rí Òwú, ó rí Ìtò, ó rí Ògiri. Ìpínyà kò sí níbẹ̀.

Ó ku ọ̀kan.

Wàyí o, nítorí pé kò lè gbọ́kàn lé àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́, ó fi ojú ṣe iṣẹ́ tí ọwọ́ kò lè ṣe. Ó ká ìwé tó ń fa omi mu sórí gíláàsì, ó gbé àtàǹpàkò lé e, ó sì ń wo èékánná rẹ̀. Nígbà tí èékánná náà funfun báláú títí dé ìdí, ó mọ̀ pé ó tó. Ó ka ogún, ó gbé ọwọ́ kúrò.

Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó láti òkè, láti apá òsì sí apá ọ̀tún, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn, bí ẹni tí ń ka ìwé. Òwú. Òwú. Sẹ́ẹ̀lì tó ń sùn. Ìtò. Ògiri. Òwú. Ó ti dé ìlà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kẹ́yìn nígbà tí ó rí i lẹ́bàá etí gíláàsì: apá kan lókè, apá kan nísàlẹ̀, àyè funfun láàárín wọn. Bí Nùrẹ́nì ti sọ ọ́ ni ó rí. Kálukú ń fi ẹ̀yìn rìn padà.

Kò sí ohun tó ṣe é. Ó kàn nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ nǹkan sínú ìwé. Wọ́n lọ sí tábìlì Zubaidat, wọ́n wò ó títí, wọ́n tún awò náà ṣe, wọ́n tún wò ó. Ìpele mẹ́ta ni Zubaidat rí. Ó ṣí ojú kúrò lára awò náà, ó mi orí.

“Iyanrìn rẹ dára,” ni ó wí fún Mọ́rìlíátù. “Èmi ni mo gé e ní agogo méje, nítorí ọmọ mi ń ṣàárẹ̀.”

“Ṣé èmi náà lè wò ó?” ni Hàwáù béèrè lẹ́nu ọ̀nà.

Mùsíò Sùmáná bi í ní Haúsá bóyá ó ti wo irú rẹ̀ rí. Hàwáù ní rárá, ṣùgbọ́n òun ni òun gé e. Wọ́n bá gbé àga fún un. Ó di ojú kan pẹ̀lú ọwọ́, ó sì fi èkejì wò ó fún ìgbà pípẹ́.

“Àlùbọ́sà nìyí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Èyí tó wà láàárín yẹn, ó ń di méjì.”

“Nínú àlùbọ́sà tí mo gé sọ́bẹ̀? Nínú ilé tí à ń ṣe ogójì?” Kò gbójú kúrò. “Ta ló ní kí ó máa ṣe é?”

“Kò sí ẹni tó ní kí ó ṣe é, Ìyá. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe.”

Hàwáù dìde, ó sì so gèlè rẹ̀ le.

Mùsíò Sùmáná sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Ó sọ jẹ́jẹ́ ní Faransé pé ipò náà ti di ti Màdáàmù; kí ó padà wá ní ọjọ́ kejì tí opó rẹ̀ bá parí, Zubaidat yóò bá a dì í mú títí di ìgbà náà, òun yóò sì wá iṣẹ́ mìíràn fún Zubaidat. Mọ́rìlíátù dúpẹ́. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀ ní gbólóhùn kan: “Wọ́n gbà mí.”

“Màá kọ̀wé sí Àdìgún,” ni Hàwáù wí.

Wọ́n wọ takisí pẹ̀lú ènìyàn mẹ́ta mìíràn. Lórí afárá, ọkọ̀ dúró. Àjàgbé kan tó kó imí-ọjọ́ ń bọ̀ níwájú, tapólì so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń rìn bí ẹni tó gbé omi. Hàwáù yí ojú sí odò. Àjàgbé náà kọjá, ó sì fi eruku àwọ̀ ìyeyè díẹ̀ sílẹ̀ lára fèrèsé. Odò ti fà gan-an ní àkókò náà, iyanrìn ti yọ láàárín rẹ̀, àwọn alágbàfọ̀ sì ti sá aṣọ sórí rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ tún gbéra, Mọ́rìlíátù wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò, awọ ti wú, ó pọ́n, àárín rẹ̀ sì funfun. Ásíìdì líle ni. Yóò ti ta sí i lára láti àárọ̀, kò sì mọ̀. Ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Díẹ̀díẹ̀, láti ìsàlẹ̀, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í gùn níbẹ̀ bí abẹ́rẹ́, ó gùn lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó tún gùn.

“Ìyá.”

“Kí ni?”

“Ó ń dùn mí.”

Hàwáù yíjú padà. Ogójì ọjọ́ àti ọ̀kan ló ti ń retí kí ó gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu ọmọbìnrin yìí. Kò béèrè ohun tó fà á. Ó gba ọwọ́ náà, ó gbé e lé orí itan rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn sí i, pẹ̀lẹ́, bí a ṣe ń fẹ́ ojú ẹ̀kọ gbígbóná fún ọmọ, títí takisí fi dé Kalley.